Aago ráútà tó máa ń jí sínú oṣù kẹjọ: iṣẹ́ àtúnṣe kan ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2025

Orí WhatsApp lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé tí mò ń bójú tó nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kọ̀wé sí mi lálẹ́: "Ẹ káalẹ́ sà. Mo ra káàdì oníwákàtí 24 ní aago méjì ọ̀sán. WiFi ò ṣí nǹkan kan fún mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó wá fẹ́ ṣí, wọ́n ní káàdì mi ti kú." Ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Kí n tó dá a lóhùn, àwọn mẹ́ta mìíràn ti kọ irú rẹ̀.

Mo dá owó wọn padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀bi wọn kọ́, owó ọmọléèwé kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn jẹ mọ́lẹ̀.

Bí ilé náà ṣe rí nìyí. Yàrá méjìdínlógún ló wà níbẹ̀. Ráútà àgbà kan (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé), tó ń lo ètò ráútà tí wọ́n ń pè ní OpenWrt, wà ní yàrá Bàbá Ìyanu tó ń ṣọ́ ilé; kéékèèké mẹ́ta ń gbé WiFi lọ sí ìsàlẹ̀, àárín àti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orí ráútà àgbà ni ètò káàdì wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ráútà á wo aago ara rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi wákàtí 24 kún un. Nígbà tí aago bá kọjá ibẹ̀, káàdì kú nìyẹn. Aago ráútà ni gbogbo ètò yìí gbára lé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12

Mo gbéra n'Íbàdàn láàárọ̀ kùtù. Mi ò lè wọ ráútà náà láti ilé, nítorí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ WireGuard tí mo là láti Ifẹ̀ wá sí sáfà mi (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn) ti dí pa. Màá sọ ìdí rẹ̀, torí òun náà, aago ló fà á.

Mo bá Bàbá Ìyanu lẹ́nu géètì. "Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ba nǹkan jẹ́? Bọ́tìnì tẹ́ ẹ kọ́ mi náà ni mo tẹ̀ o."

Bàbá ò ba nǹkan kan jẹ́. Láti oṣù kìíní ni mo ti mọ̀ pé aago ráútà yìí kì í pé tí iná bá lọ tó tún dé. Dípò kí n jókòó tún un ṣe, ńṣe ni mo kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé ráútà lórí fóònù wọn, kí wọ́n tẹ "Sync with browser", kí ráútà lè gba aago fóònù. Ó ń ṣiṣẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Mo tẹ `logread` láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná ti lọ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó dé ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ìlà àkọ́kọ́ tí ráútà kọ nígbà tó jí nìyí:

`Wed Aug 14 09:12:41 2024`

Àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé, wọ́n tẹ káàdì. Ráútà kọ ọ́ fún wọn pé káàdì yóò kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2024. Bàbá Ìyanu ti ọjà dé ní aago márùn-ún ààbọ̀, wọ́n rí i pé nẹ́tíwọ́kì ò lọ, wọ́n tẹ bọ́tìnì. Aago fò láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 wá sí oṣù kẹrin ọdún 2025 lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo káàdì tí wọ́n tẹ̀ lọ́sàn-án di òkú oṣù mẹ́jọ.

Mo yọ iná ráútà, mo dá a padà. 14 Aug 2024, 09:12. Mo tún un ṣe. 14 Aug 2024, 09:12. Kí ló wà nínú ọjọ́ yìí?

Inú ọ̀pọ̀ ráútà ilé kò ní bátìrì aago. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní tirẹ̀, bátìrì roboto kékeré kan tó ń mú aago rìn nígbà tí wọ́n bá pa á. Wọn kì í sábà fi í sí ráútà. Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, aago dúró. Bó bá tún jí, ibi tí kíkà ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń padà sí, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970. OpenWrt wá ní ọgbọ́n kan, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ `sysfixtime` tó ń ṣiṣẹ́ ní kùtùkùtù ìjí. Yóò wo gbogbo fáìlì tó wà nínú `/etc`, yóò mú èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn, yóò sì gbé aago sí déètì fáìlì náà. Ó ṣe tán, aago kò lè kéré ju ìgbà tí wọ́n kọ fáìlì yẹn lọ.

Mo wo fáìlì tó kẹ́yìn nínú `/etc`. Ètò WiFi ni. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2024, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá láàárọ̀, ni mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn fún sáà tuntun. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ráútà kẹ́yìn ni ráútà mọ̀, ibẹ̀ ló sì ń padà sí ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ.

Ó yẹ kí NTP gbà wá. NTP ni ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń béèrè aago lọ́wọ́ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. David Mills ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ìwé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1985. Ráútà á kọ ìgbà tó béèrè, sáfà á kọ ìgbà tí ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tó fèsì, ráútà á kọ ìgbà tí èsì dé. Pẹ̀lú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, yóò yọ àkókò tí ọ̀rọ̀ lò lójú ọ̀nà kúrò, yóò sì mọ iye tí aago rẹ̀ fi ṣáájú tàbí tó fi rẹ̀yìn. Ráútà wa ní NTP, ó sì wà ní títàn. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?

Ọwọ́ mi náà ló ti wá. Orúkọ ni mo fún un láti béèrè aago, `0.openwrt.pool.ntp.org` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ráútà tó lè bá orúkọ sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà, iṣẹ́ DNS sì nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ìpàrokò dì DNS wa kí ẹnikẹ́ni má baà máa yọjú wo ibi tí àwọn ọmọ ń lọ. Ìpàrokò náà ń lo ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí sì ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Ráútà tó rò pé oṣù kẹjọ 2024 ni òun wà rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún DNS náà lọ́dún 2025, ó ní ìwé yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. DNS ò ṣí. NTP ò rí nọ́ńbà. Aago ò pé. Nítorí pé aago ò pé, DNS ò ní ṣí. Bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ilé ni.

Ti WireGuard náà jọ ọ́. Nígbàkigbà tí ráútà Ifẹ̀ bá fẹ́ kí sáfà mi láti ṣí ọ̀nà, ó máa ń kọ àkókò sínú ìkíni náà, sáfà sì máa ń rántí èyí tó tóbi jù lọ tó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkíni tí àkókò rẹ̀ bá kéré sí èyí tó ti rí tẹ́lẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Kì í ṣe àṣìṣe o, ààbò ni: kí olè má baà gba ìkíni àná sílẹ̀ kó tún un rán lónìí. Sáfà mi ti gba ìkíni oṣù kẹrin 2025 lọ́wọ́ Ifẹ̀. Ráútà tó jí sínú oṣù kẹjọ 2024 ń kí i, ń kí i, kò dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn láti wá ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì.

Ohun méjì ni mo ṣe kí n tó kúrò. Àkọ́kọ́, mo yọ orúkọ kúrò nínú ètò NTP, mo fi nọ́ńbà gan-an síbẹ̀: `162.159.200.1` àti `162.159.200.123`, tí wọ́n jẹ́ ti aago ilé iṣẹ́ Cloudflare. Báyìí, NTP ò nílò DNS mọ́. (Ẹ má da aago Google pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn nínú ètò kan náà. Nígbà tí ayé bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kún ọjọ́, Google máa ń fọ́n in ká díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹnu wọn ò ní kò lọ́jọ́ náà. Ìparí ọdún 2016 ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.) Èkejì, mo ní kí ráútà máa fọwọ́ kan fáìlì kékeré kan nínú `/etc` ní wákàtí wákàtí, kí `sysfixtime` lè rí ohun tó sún mọ́ òní nígbà tó bá jí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 19

Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. WireGuard ń ṣí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tún kọ̀wé: káàdì wákàtí 24 rẹ̀ lo wákàtí mẹ́tàdínlógún péré.

Mo wo àkọsílẹ̀, òótọ́ ló sọ. Iná lọ fún wákàtí méje. Nígbà tí iná dé, íntánẹ́ẹ̀tì kò bá a dé. Òpó tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì náà ń dúró de iná tirẹ̀. Ráútà jí sí ibi tó ti sùn, wákàtí méje sẹ́yìn. Ọmọ náà tẹ káàdì rẹ̀ láti múra sílẹ̀. Ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, íntánẹ́ẹ̀tì dé, NTP tún aago ṣe, wákàtí méje sì ré kúrò nínú káàdì rẹ̀.

Déètì fáìlì lè sọ fún ráútà ibi tí ó ti sùn. Kò lè sọ fún un bí ó ṣe pẹ́ lójú oorun tó. Ohun tó lè ṣe ìyẹn ni nǹkan tí kò sùn, aago tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú ilé yẹn.

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 sí 24

Mi ò fẹ́ tú inú ráútà. Mo lè jó aago bátìrì mọ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá jó o pa, ọmọ méjìdínlógún ló máa jókòó sínú òkùnkùn. Mo ní Raspberry Pi 3 kan, kọ̀ǹpútà kékeré kan, nílé tí kò ṣe nǹkan kan. Òun ni mo fẹ́ sọ di alágogo ilé náà: aago bátìrì yóò wà lára rẹ̀, àwọn ráútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ì báà wà, ì báà má sí.

Mo ra aago DS3231 n'Íkẹjà. Wọ́n kọ́kọ́ mú DS1307 fún mi torí pé owó rẹ̀ dínkù, mo ní rárá. Àwọn méjèèjì ń ka ìgbọ̀nrìrì òkúta kékeré kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti DS1307 wà níta, ooru àti òtútù sì máa ń yí i lọ́wọ́ padà. Ẹ ronú nípa yàrá abẹ́ páànù ní oṣù kẹta. Ti DS3231 wà nínú rẹ̀, ó ń wọn ooru ara rẹ̀, ó sì ń tún ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ṣe bó ṣe ń gbóná. Láàárín ìwọ̀n 0 sí 40 lórí Celsius, àṣìṣe rẹ̀ kò ju méjì nínú mílíọ̀nù kan: nǹkan bí ìṣẹ́jú kan láàárín ọdún kan. Yàtọ̀ síyẹn, DS1307 ń fẹ́ iná 5V, ẹsẹ̀ Pi sì jẹ́ ti 3.3V. Kò tọ́ kí wọ́n pàdé.

Ohun kan wà lára pátákó DS3231 tí wọ́n ń tà jù lọ, èyí tí wọ́n kọ ZS-042 sí. Wọ́n ṣe é fún bátìrì tó ṣeé ṣáájì, nítorí náà ó ń ti iná padà sínú bátìrì. Bátìrì CR2032 tí gbogbo wa ń rà kò ṣeé ṣáájì. Tí wọ́n bá fún pátákó náà ní 5V, bátìrì lè wú. Ní 3.3V, ewu náà kò sí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn wá gbé e sí 5V lọ́jọ́ tí mi ò sí níbẹ̀. Mo tan iná sí i lójú, mo wá èròjà dúdú kékeré tí wọ́n kọ 201 sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí onígíláàsì pupa. Mo fi irin ìjó òjé kan etí rẹ̀ kan, mo kan èkejì, mo tún padà sí èkínní. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yọ̀ kúrò láyè rẹ̀ bí èèpo ẹ̀wà. Ọ̀nà tí iná ń gbà padà sínú bátìrì ti gé.

Wáyà mẹ́rin péré ni: iná 3.3V sí ẹsẹ̀ 1, SDA sí ẹsẹ̀ 3, SCL sí ẹsẹ̀ 5, ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ 6. Mo tan I2C, ọ̀nà tí Pi ń gbà bá aago sọ̀rọ̀ lórí SDA àti SCL, mo tẹ `i2cdetect -y 1`. Nọ́ńbà méjì yọ nínú àtẹ òfìfo tó jáde: 57 àti 68. 68 ni aago. 57 jẹ́ ìrántí kékeré kan tí wọ́n fi sí ara pátákó. Mo fi ìlà yìí sínú `config.txt`, fáìlì ètò Pi:

`dtoverlay=i2c-rtc,ds3231`

Mo pa Pi, mo tún un tàn. 68 ti di UU, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ti gba aago náà mọ́ra. Nínú `dmesg`, àkọsílẹ̀ ìjí Pi, ó kọ "SET TIME!" síta, torí aago tuntun kò mọ ọjọ́ kankan; 1 oṣù kìíní 2000 ló ń kà. Mo jẹ́ kí Pi gba aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ `hwclock -w` láti kọ ọ́ sínú aago bátìrì, mo ka á padà pẹ̀lú `hwclock -r`. Ó bá aago fóònù mi dọ́gba.

Mo yọ `fake-hwclock` kúrò lórí Pi. Iṣẹ́ tí `sysfixtime` ń ṣe lórí ráútà lòun náà ń ṣe: á kọ aago sínú fáìlì, á sì gbé e padà nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Aago gidi ti wà báyìí, mi ò fẹ́ kí ìrántí àná máa bá a du àga.

Chrony, ètò tó ń pín aago, ni mo fi ṣe sáfà. Ìlà mẹ́fà:

`server 162.159.200.1 iburst`
`server 162.159.200.123 iburst`
`allow 192.168.10.0/24`
`local stratum 10`
`rtcsync`
`makestep 1 3`

`local stratum 10` ni ọkàn iṣẹ́ náà. Láìsí i, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, chrony á sọ fún àwọn ráútà pé aago òun ò dá òun lójú, wọn ò sì ní gbà á. Pẹ̀lú rẹ̀, ó ń sọ pé: mo jìnnà sí orísun, ṣùgbọ́n aago wà lọ́wọ́ mi. `rtcsync` ń mú kí aago bátìrì gba àtúnṣe ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá mọ́kànlá nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kí ó lè máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26

Ní Ifẹ̀. Mo gbé Pi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà àgbà, mo fún un ní nọ́ńbà 192.168.10.5, mo sì sọ fún ráútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé òun ni kí wọ́n máa bi léèrè. Lórí ráútà àgbà, mo fi ohun kan kún ètò káàdì. OpenWrt ní àpò kan, `/etc/hotplug.d/ntp`, tí ohun tó bá wà nínú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí aago bá pé. Mo kọ ìlà kan síbẹ̀:

`[ "$ACTION" = stratum ] && touch /tmp/aago_pe`

Ètò káàdì á wo fáìlì yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á rí i lójú fóònù rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Aago kò tíì pé, káàdì yín kò tíì bẹ̀rẹ̀." `/tmp` kì í la ìtìpa já, nítorí náà ráútà gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rí aago wá ní gbogbo ìgbà tó bá jí. Fáìlì tí mò ń fọwọ́ kàn ní wákàtí wákàtí náà, ó di pé kìkì ìgbà tí `/tmp/aago_pe` bá wà ló ń ṣẹlẹ̀, kí déètì tí kò pé má baà wọ ibẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan tó gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn ráútà kékeré ń fi wákàtí méjì rẹ̀yìn. Agbègbè àkókò ni. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, mo sì kọ `WAT+1` sí i (WAT ni aago Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà). Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀ yí padà: `WAT-1` ló tọ̀nà. Àmì yẹn ń sọ iye tí wọ́n máa fi kún aago wa kó tó di UTC, kì í ṣe iye tí a fi ṣáájú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún

Ìdánwò. Àwọn ọmọ ti lọ ìsinmi, mo bẹ Bàbá Ìyanu kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ yìí, mo yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, mo ní kí wọ́n tan iná.

Pi kọ́kọ́ jí. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ráútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní déètì òní. Mo tẹ káàdì kan: ó kọ ọ́ pé yóò kú ní ọ̀la, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 2025, ní wákàtí tó yẹ gan-an. Mo wá ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì padà, mo wo `chronyc tracking` láti mọ iye tí aago bátìrì fi yà. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ààbọ̀ tí iná kò fi sí lára rẹ̀. WireGuard ṣí kí n tó gbé fóònù mi láti wò ó.

Bàbá Ìyanu dúró lẹ́yìn mi ní gbogbo àkókò yìí. "Ẹnjiníà, bọ́tìnì yẹn ńkọ́? Ṣé kí n ṣì máa tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, sà. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé aago ò tíì pé fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ pè mí."

Mo fi bírò kọ "05/2025" sí ẹ̀yìn bátìrì CR2032 náà kí n tó pa àpótí dé.